Abọ́ Ẹni Tó Ń Bọ̀

Ẹni tí kò bá gba ìtàn yìí gbọ́ kò jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ó ṣẹlẹ̀. Abọ́ náà ṣì wà lórí tábìlì títí di òní. Funfun ni, etí rẹ̀ kan ti bó, ẹni tó bá sì fẹ́ lè fọwọ́ kàn án. Ẹni tó lè sọ bí oúnjẹ inú rẹ̀ ṣe ń lọ ni kò sí.

Aránṣọ ló ni abọ́ náà. Àǹtí Téèpù ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí téèpù ìwọnṣọ kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Àwọn aláwàdà ní ó ń gbé e kọ́rùn wọ ilé ìwẹ̀. Òun nìkan ló ń gbé inú ilé tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí ti lọ sílé ọkọ. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, ẹnu rẹ̀ dùn, ọwọ́ òsì ló sì fi ń lo sísọ́ọ̀sì.

Nígbà tó wà ní kékeré, ọwọ́ òsì yìí ló fi ń ṣe ohun gbogbo. Ìyá rẹ̀, Màmá, kò nà án nítorí rẹ̀ rí. Bó bá ti fi òsì mú ṣíbí, Màmá á rọra gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, á gbé e sí ọ̀tún. "Òsì ránṣọ, ọ̀tún jẹun," ni Màmá máa ń wí. Ó tó ọdún kan kí ọwọ́ ọ̀tún tó kọ́ṣẹ́. Jálẹ̀ ọdún náà, ìrẹsì ń dà yí abọ́ ọmọ náà ká, Màmá á sì máa ṣà á lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, á jù ú sẹ́nu, á máa rẹ́rìn-ín.

Ohun mìíràn tún wà tí Màmá máa ń ṣe. Kì í bu oúnjẹ tán láì bu abọ́ kan sí i. Á gbé ìdérí lé e, á gbé e síwájú àga rẹ̀ tó kọjú sí fèrèsé. Bí wọ́n bá bi í pé ta ló ni ín, á ní, "Ti ẹni tó ń bọ̀ ni." Nígbà mìíràn aládùúgbò kan á yà wọlé. Nígbà mìíràn ẹnikẹ́ni ò ní í dé. Bí ilẹ̀ bá ti fẹ́ ṣú, Màmá á fi ṣíbí la ìlà sáàárín oúnjẹ náà, ìdajì fún òun, ìdajì fún ọmọ. Á wá fi ṣíbí kan etí abọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kọ̀, kọ̀, kọ̀, kí ọmọ máa bọ̀. Oúnjẹ kì í ṣòfò nílé Màmá.

Màmá kú ní ọmọ ọdún méjìléláàádọ́ta. Ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀ lọ́sàn-án gangan, nígbà tó ń ká aṣọ. Ó dun aránṣọ wọra. Kò mọ ohun tó lè fi dá ìyá rẹ̀ dúró, ló bá di abọ́ náà mú. Láràárọ̀, kó tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù, á se oúnjẹ, á bu abọ́ kan, á gbé ìdérí lé e. Ẹnikẹ́ni kì í dé. Bó bá dé láti ibi iṣẹ́ nírọ̀lẹ́, á jẹ tirẹ̀, á sì jókòó ti abọ́ kejì. Kò sí Màmá tí wọ́n lè jọ pín in mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò lè dà á nù. Á jẹ ìdajì tirẹ̀. Á jẹ ìdajì Màmá.

Ó jẹun ẹni méjì fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.

Lọ́jọ́ tó pé ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́ta, ó lọ sí ilé ìwòsàn nítorí orí fífọ́. Nọ́ọ̀sì tó yẹ̀ ẹ́ wò kéré sí ọmọ rẹ̀.

"Ẹ̀jẹ̀ yín ga, mà. Ìyá yín ńkọ́?"

"Wọ́n ti kú. Ọkàn ni."

"Ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n?"

"Méjìléláàádọ́ta."

 Nọ́ọ̀sì kọ nǹkan sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá ní kó wá abọ́ tó kéré, kó jẹ́ kí ẹ̀fọ́ pọ̀ ju ìrẹsì lọ, kó máa mu omi, kó máa fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù. "Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ nìgbín fi ń gun igi, mà. Tó bá di ìgbà yìí lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ ó rí i."

Ìgbà yìí lọ́dún tó ń bọ̀ gan-an ló ń ba aránṣọ lẹ́rù. Ó fẹ́ kọjá ọjọ́ orí tí Màmá kú sí. Ìgbín ò yá tó fún un. Nígbà tó padà dé ṣọ́ọ̀bù, ó fi téèpù wọn ìbàdí ara rẹ̀. Íńṣì mẹ́rìnlélógójì. Ó kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì, lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ onídìrí, ẹni tó ti sanra rí, àmọ́ tó ti wá rí pẹ́lẹ́bẹ́. Onídìrí mú ìgò kékeré kan jáde láti abẹ́ àpótí.

"Hóró oògùn kan láàárọ̀. Ebi ò ní í pa ọ́ mọ́."

"Ibo wá ni ebi náà ń lọ?"

Onídìrí bú sẹ́rìn-ín. "Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀? Jẹ́ kó máa lọ."

Ní ọjọ́ kẹrin tó ti ń gbé e mì, ebi lọ. Ó lọ bí àlejò tó jáde tí kò dágbére. Aránṣọ se oúnjẹ láàárọ̀, ó gbé ìdérí lé abọ́ bó ti ń ṣe, ó tilẹ̀kùn, ó lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tó dé nírọ̀lẹ́, kò wù ú láti fẹnu kan nǹkan kan. Ó ní kóun kàn gbé abọ́ náà sínú fìríìjì.

Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́. Wọ́n ti fọ̀ ọ́. Wọ́n dojú rẹ̀ dé orí tábìlì, bí Màmá ti máa ń ṣe, ṣíbí sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ó yẹ ilẹ̀kùn wò. Títì ló wà. Ó yẹ fèrèsé wò. Títì ni gbogbo wọn. Ó dúró sáàárín ilé, ó ń gbọ́ bí omi ṣe ń kán nínú ilé ìwẹ̀, kán, kán, orí rẹ̀ sì wú.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́jọ́ kejì. Bẹ́ẹ̀ ló rí lọ́jọ́ kẹta. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀rù ti rọlẹ̀, nǹkan mìíràn sì ti gba ipò rẹ̀. Inú rẹ̀ ń dùn. Ẹ má dá a lẹ́jọ́. Ẹni tó ti ń jókòó ti abọ́ tí ẹnikẹ́ni kì í dé jẹ fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n wá ń dé bá abọ́ tí ẹnìkan jẹun nínú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí kí i bó bá ń jáde: "Màmá, ó dàárọ̀ o." Kò sọ fún onídìrí, kò sọ fún ọmọ rẹ̀ lórí fóònù. Bí iṣu ẹni bá ta, à á fọwọ́ bò ó jẹ ni.

Ó ń fọn. Íńṣì ogójì. Íńṣì mẹ́rìndínlógójì. Ó gbé ẹ̀wù rẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ, ó fún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún un fún. Àwọn oníbàárà ní ó ti dọmọge, ó sì ń jó díẹ̀ fún wọn.

Lọ́jọ́bọ̀ kan, ó gbàgbé ìwé ìwọ̀n rẹ̀ sílé, ló bá padà lọ mú un lọ́sàn-án. Oòrùn mú. Àdúgbò dákẹ́ rọ́rọ́. Ó ti ki kọ́kọ́rọ́ bọnú ilẹ̀kùn nígbà tó gbọ́ ọ.

Kọ̀. Kọ̀. Kọ̀.

Ṣíbí létí abọ́. Nínú ilé ni.

Kò lè yí kọ́kọ́rọ́. Ó dúró títí òógùn fi ṣàn wọ̀ ọ́ lójú. Nígbà tó wọlé, kò sí ẹnì kankan. Abọ́ ti dojú dé, omi ṣì ń ro lára rẹ̀. Tìmùtìmù orí àga Màmá jìn wọnú, ó sì ń rọra wú padà níṣojú rẹ̀. Ó fọwọ́ lé e. Ó gbóná. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹni kì í fi ni sílẹ̀, ó bọ́ téèpù lọ́rùn, ó fi wọn ibi tó jìn náà kó tó wú tán. Màmá tóbi ju èyí lọ dáadáa. Síbẹ̀ ó mọ ìwọ̀n náà. Ó ti ránṣọ sí i láìmọye ìgbà. Kò fẹ́ ronú kan ẹni tó ni ín, ó mú ìwé rẹ̀, ó jáde.

Láti ọjọ́ náà ni abọ́ kan kò ti tó mọ́. Ìkòkò ń gbẹ. Búrẹ́dì ń pòórá. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Aránṣọ ti di íńṣì mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, eegun èjìká rẹ̀ ń yọ lábẹ́ ẹ̀wù, abẹ́rẹ́ ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó padà lọ bá nọ́ọ̀sì, ó sì gbé ìgò hàn án. Nọ́ọ̀sì gbà á, kò dá a padà mọ́.

"Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run, mà. Ẹ ò bi wá kẹ́ ẹ tó gbé e mì? Ẹ máa jẹun báyìí. Ebi máa padà."

Ebi kò padà. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Bó bá fi oúnjẹ sẹ́nu, bí ẹni ń jẹ àkísà ni. Àwọn àgbà ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Inú tirẹ̀ ṣófo, gbogbo ọ̀rọ̀ ló ń wọ̀ ọ́.

"Oògùn yẹn ti kúrò lára yín tipẹ́," ni nọ́ọ̀sì wí.

"Ibo wá ni ebi mi wà?"

Nọ́ọ̀sì fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó wo ojú rẹ̀, kò rín in mọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, aránṣọ jókòó, ó fẹ́ rántí bí ẹ̀wà Màmá ṣe ń dùn. Ó rántí ìkòkò, ó rántí ọwọ́ Màmá lórí ìdérí, ó sì rántí igi tó ń jó lábẹ́ rẹ̀. Kò rántí adùn náà rárá. Ó ti bá ebi lọ. Ìgbà yẹn ló sunkún. Ó mọ̀ pé ikú ti sún mọ́ òun ju ti ìgbà tóun sanra lọ, ó sì mọ̀ pé òun ò ní í mú nǹkan kan dání lọ.

Ó dìde, ó se ẹ̀wà lórí gáàsì, ó bù ú sínú abọ́, ó gbé e síwájú àga náà. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ mú ebi mi. Mi ò bínú. Ẹ dá díẹ̀ padà fún mi. Mo fẹ́ dàgbà."

 Ó tilẹ̀kùn, ó lọ síbi iṣẹ́.

Nígbà tó dé nírọ̀lẹ́, abọ́ kò dojú dé. Ìdérí ṣì wà lórí rẹ̀. Ó ṣí i. Wọ́n ti fi ṣíbí la ìlà sáàárín ẹ̀wà náà. Ìdajì kan ti lọ. Ìdajì kejì ṣì ń rú èéfín, bẹ́ẹ̀ ẹ̀wà àárọ̀ ni.

Ó bù ú sẹ́nu. Ó ní adùn igi jíjó. Ẹ̀wà Màmá ni. Omi bọ́ lójú rẹ̀, inú rẹ̀ sì kùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ebi gidi, ebi ọmọdé tó ti ilé ìwé dé. Ó fi ìka nu abọ́ náà mọ́ tónítóní.

Ohun tí nọ́ọ̀sì wí ló wá ń ṣe. Ó ń lo abọ́ kékeré, ó ń jẹ ẹ̀fọ́, ó ń mu omi, ó ń fẹsẹ̀ rìn. Bí ìdajì ni ebi ń pa á, ìdajì náà sì tó o. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀. Kò bèèrè ìyókù, nítorí kò fẹ́ kí àga náà ṣófo. Ó pé méjìléláàádọ́ta. Ó pé mẹ́tàléláàádọ́ta.

Lọ́jọ́ náà, ọmọ rẹ̀ wá kí i. Àwọn méjèèjì jọ wọlé láti ibùdókọ̀, ọmọ sì rí abọ́ tó ṣẹ́kù ìdajì àti ṣíbí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Màmi, ta ló jẹ èyí?"

"Ìyá rẹ àgbà ni." Ó fi ẹ̀rín sí i, kí ọmọ lè mú un ní àwàdà.

Ọmọ jókòó sórí àga tó kọjú sí fèrèsé. Ó wo abọ́. Ó wo ṣíbí.

"Ṣé ọwọ́ òsì ni ìyá àgbà fi ń jẹun ni?"

Òsì ni ṣíbí náà wà. Aránṣọ dúró. Ó ronú padà sí ọjọ́ kìíní, sí gbogbo ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Òsì ló ti wà látìbẹ̀rẹ̀. Ojú rẹ̀ kò rí i, nítorí ojú ọlọ́wọ́ òsì ni. Ó rántí ibi tó jìn lórí tìmùtìmù, ìwọ̀n ìbàdí òun fúnra rẹ̀ kó tó fọn. Íńṣì mẹ́rìnlélógójì. 

"Rárá," ló wí. "Màmá kì í fi òsì jẹun."

Nígbà tí ọmọ lọ tán, ó jókòó ti tábìlì fún ìgbà pípẹ́. Ẹ̀rù bà á. Bẹ́ẹ̀ ni àánú tún ṣe é, ó sì ya òun náà lẹ́nu. Ó nawọ́, ó rọra gbé ṣíbí náà láti òsì, ó tò ó sí ọ̀tún.

"Òsì ránṣọ," ló wí fún àga òfìfo náà. "Ọ̀tún jẹun."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ìdajì ti lọ nínú abọ́. Ọ̀tún ni ṣíbí wà. Ìrẹsì sì dà kálẹ̀ yí abọ́ náà ká, bí ìgbà tí ọwọ́ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Aránṣọ fa àga tirẹ̀ sún mọ́ tábìlì, ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà á lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, ó ń jẹ ẹ́.