Ọ̀rọ̀ Tó Bọ́ Lẹ́nu Olóhùn

Bọ́ọ̀lù náà fò kọjá òpó góòlù, ó lọ bà lé tábìlì ọmọbìnrin kan tó ń ròyìn eré lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ẹsẹ̀ tábìlì yẹ̀, ife omi dojú dé, aṣọ ọmọbìnrin náà sì rin gbindin.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ó sọ ọ́ sí etí gbogbo pápá, "ẹ bá mi sọ fún ọ̀gbẹ́ni yẹn pé tábìlì yìí kì í ṣe góòlù o!"

Ẹ̀rín sọ. Ọ̀gbẹ́ni náà, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ikọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì, sáré wá gba bọ́ọ̀lù. Ọmọbìnrin náà gbé e lé itan.

"Ẹ tọrọ àforíjì ná."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Kì í ṣe èmi. Tábìlì."

Ó tẹrí ba fún tábìlì. Nígbà tó gbójú sókè, ojú wọn ṣe mẹ́rin, ọmọbìnrin náà sì gbé bọ́ọ̀lù lé e lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe agbábọ́ọ̀lù yìí ní Agbátábìlì. Òun náà sì ń pe ọmọbìnrin náà ní Olóhùn, ìfẹ́ sì wọ àárín wọn.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé Kóòṣì tó ń kọ́ ikọ̀ náà ni bàbá Olóhùn, Kóòṣì sì ti là á mọ́lẹ̀: agbábọ́ọ̀lù tó bá kọ ẹnu ìfẹ́ sí ọmọ òun, kó bọ́ aṣọ ikọ̀ sílẹ̀ kó máa lọ. Kò níkà nínú. Láti ìgbà tí ìyá ọmọ ti ṣaláìsí, ọmọ yìí nìkan ni ohùn tó kù nínú ilé rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á pé ẹnìkan á wá mú un lọ.

Ikọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í borí. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tó bá wá bá wọn gbá, ẹkún ló ń bá lọ, Agbátábìlì ló sì ń gbá èyí tó pọ̀ jù nínú góòlù wọn wọlé. Bí orúkọ rẹ̀ ṣe ń ròkè tó, bẹ́ẹ̀ ni àyà àwọn méjèèjì ń já tó.

"Ọmọkùnrin yẹn dáa," Kóòṣì sọ nídìí oúnjẹ. "Kò jọ pé ó mọ nǹkan mìíràn yàtọ̀ sí bọ́ọ̀lù."

Omi há Olóhùn lọ́fun.

Lọ́jọ́ kejì, láàárín pẹpẹ ìwé nílé ìkàwé, Agbátábìlì kò lè pa á mọ́ra mọ́. "Jẹ́ kí n lọ bá bàbá rẹ. Ó sú mi kí n máa yọ́ ìfẹ́ ṣe bí olè."

"Kí wọ́n lè gba aṣọ lára rẹ kí àṣekágbá ìdíje tó dé? Ní sùúrù, ọkọ mi. Tí sáà bá parí, a jọ máa kúnlẹ̀ ni."

"'Ọkọ mi' yẹn á bọ́ lẹ́nu rẹ níbi tí kò yẹ lọ́jọ́ kan."

"Ẹnu yìí ni mo fi ń ṣiṣẹ́, jàre. Kì í ṣì sọ."

Ọjọ́ àṣekágbá pé. Eré ku díẹ̀ kó parí, ọ̀mì ni. Agbátábìlì já wọ iwájú góòlù, ni ẹnìkan bá gbá a lẹ́sẹ̀ látẹ̀yìn. Ó ṣubú, kò mira.

"Yéè! Ọkọ mi o! Wọ́n ti pa ọkọ mi!"

Ẹ̀rọ gbé e dé etí gbogbo pápá. Olóhùn fi ọwọ́ bo ẹ̀rọ, ó ti pẹ́ jù. Kóòṣì yíjú sí tábìlì ọmọ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó wá yíjú sí pápá.

Rẹfirí ti fún wọn ní pẹ́nátì. Agbátábìlì dìde. Àmọ́ kò lọ sídìí bọ́ọ̀lù. Ó tiro wá sọ́dọ̀ Kóòṣì, ó bọ́ aṣọ ikọ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i.

"Èmi ni, sà."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ tábìlì, sà."

"O ò lè dákẹ́ kó o gbá a wọlé ná? Kọ́wọ́ wa tẹ ife ẹ̀yẹ, kó o tó wá wí?"

"Mo lè dákẹ́, sà. Ṣùgbọ́n ó ti sọ ọ́ lójú gbogbo ayé. Mi ò lè fi òun nìkan sílẹ̀ sínú ìtìjú."

Kóòṣì wo aṣọ náà. Rẹfirí ń fọn fèrè, àwọn ẹlẹgbẹ́ Agbátábìlì gbé ọwọ́ lérí. Kóòṣì ti aṣọ náà padà sí i lọ́wọ́.

"Wọ aṣọ rẹ," ó sọ. "Lọ gbá bọ́ọ̀lù."

Fún ìgbà àkọ́kọ́ ní gbogbo sáà náà, kò sí ohùn kankan lórí ẹ̀rọ. Olóhùn ti di ojú rẹ̀. Ariwo àwọn èrò ló fi mọ̀ pé bọ́ọ̀lù ti wọlé.

Nígbà tí wọ́n gba ife tán, Kóòṣì wá sídìí tábìlì. Ọmọ rẹ̀ kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, bàbá mi."

"Mo rò pé ẹni tó bá mú ọ, á mú ọ sá lọ ni. Èyí ò sá." Ó nu ojú, ó pe Agbátábìlì. "Ìwọ! Sọ fún àwọn òbí rẹ kí wọ́n wá rí mi."

Agbátábìlì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí koríko, tòun ti orúnkún tó ń dùn ún.

"Bàbá mi," Olóhùn ń rẹ́rìn-ín nínú omijé, "ẹ ò tíì bi mí bóyá mo gbà."

"Kí ni mo tún fẹ́ bi? Gbogbo pápá ló gbọ́ ìdáhùn rẹ."