Iṣẹ́ Tí Ẹnikẹ́ni Kò Rán Wúràọlá

Tọkọtaya náà kò tíì rìn dé ẹnu géètì tí Wúràọlá fi sáré wọ yàrá tí àǹtí rẹ̀ ti ń fi ọ̀rọ̀ wá àwọn ènìyàn lẹ́nu wò.

"Àǹtí, kí ni wọ́n sọ? Mo rí i pé ìyá yẹn ń rẹ́rìn-ín."

"Ohun tí wọ́n sọ kò kàn ọ́," ni Àǹtí Fẹ̀yìntọlá dáhùn, bí òun náà ti ń rẹ́rìn-ín. "Tìrẹ ni kí o to àga, kí o gbé omi tútù fún àlejò, kí ẹ̀rọ tí mo fi ń gba ohùn wọn sílẹ̀ má sì kú mọ́ mi lọ́wọ́."

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Wúràọlá. Àdúgbò Arakale ní Àkúrẹ́ ni òun àti bàbá rẹ̀, Akíntúndé, ń gbé, ibẹ̀ náà sì ni bàbá rẹ̀ ti ń tún fíríìjì ṣe. Nígbà tí ilé-ìwé gba ọlidé, ó ní kí ọmọ náà lọ lo ìsinmi rẹ̀ ní Oǹdó lọ́dọ̀ Fẹ̀yìntọlá, àbúrò òun, tí ó jẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan. Àǹtí yìí ń ṣe ìwádìí kan tí Wúràọlá kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ó fẹ́ mọ ìdí tí ilé tọkọtaya kan fi máa ń tún tòrò lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lọ sọ́dọ̀ agbaninímọ̀ràn lórí ìgbéyàwó, tí ti àwọn mìíràn kì í sì í tòrò.

"Ohun tí ó ń yà mí lẹ́nu nìyí," ni àǹtí rẹ̀ sọ bí wọ́n ti ń jẹun ọ̀sán. "Bí mo bá bi àwọn agbaninímọ̀ràn ní ohun tí ó tún ilé ṣe, wọn á ní ìmọ̀ràn àwọn ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ tọkọtaya kì í tilẹ̀ rántí ìmọ̀ràn kankan. Ọkùnrin kan ní ọjọ́ tí òun gbọ́ pé ìyàwó òun ń sunkún nítorí òun ni inú tó ń bí òun rọlẹ̀ wọ̀ọ̀."

Wúràọlá gbé ṣíbí dúró. "Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni?"

"Kò mọ̀. Ṣùgbọ́n o rí i..." Fóònù Àǹtí dún, ó sì bọ́ síta láti gbé e. Kò parí ọ̀rọ̀ náà mọ́.

Kì í ṣe òfófó lásán ni ó ń ti Wúràọlá sí ìbéèrè. Láti ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ ni ìyá rẹ̀, Bísọ́dún, ti lọ sí Bọ́lọ́rundúró láti tọ́jú ìyá tirẹ̀ tí ó ṣubú, tí eegun itan rẹ̀ yẹ̀. Ìyá Àgbà ti ń fi ọ̀pá rìn káàkiri ilé báyìí, síbẹ̀ Bísọ́dún kò padà sí Àkúrẹ́. Ọkọ kì í pe ìyàwó, ìyàwó kì í pe ọkọ. Wúràọlá ni wọ́n máa ń bi.

"Ṣé ikọ́ bàbá rẹ ti lọ?"

"Ṣé ìyá rẹ ń jẹun dáadáa?"

Bí ó bá wá bi wọ́n ní ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàárín wọn, ìyá á ní, "Lọ bi bàbá rẹ." Bàbá á ní, "Lọ bi ìyá rẹ."

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, bí ó ti ń fọ abọ́, èrò kan sọ sí i lọ́kàn. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tí ènìyàn kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni í mú inú rẹ̀ rọ̀, kí ni ó burú nínú kí òun wá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún àwọn òbí òun? Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó sì pe ìyá rẹ̀.

"Mọ́mì, Dádì ní kí n bá àwọn bẹ̀ yín. Wọ́n ní àwọn jẹ̀bi."

"Bàbá rẹ ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Omi tilẹ̀ bọ́ lójú wọn." Wúràọlá kò pète ìyẹn tẹ́lẹ̀. Ó kàn dùn lẹ́nu rẹ̀ ni.

Ó pe bàbá rẹ̀ lẹ́yìn náà. "Dádì, Mọ́mì ní kí ẹ má bínú. Wọ́n ní àwọn ni àwọn jẹ̀bi."

Bàbá náà rẹ́rìn-ín irú èyí tí kò tíì rín láti ọjọ́ yìí. "Sọ fún un kí ó máa bọ̀ wálé lọ́jọ́ Sátidé."

Nígbà tí ọjọ́ Sátidé pé, Wúràọlá wọ ọkọ̀ lọ sí Àkúrẹ́ ní kùtùkùtù. Ó bá bàbá rẹ̀ tí ó ti gbálẹ̀, tí ó ti wọ bùbá àti ṣòkòtò tí ó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kò pẹ́ tí ìyá rẹ̀ náà fi dé pẹ̀lú báàgì ńlá kan àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà. Bàbá dúró sí ẹnu ọ̀nà, ìyá dúró sí ìsàlẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ń wo ara wọn.

"Ẹ kúulé," ni ìyá wí.

"Káàbọ̀. Mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo ti dárí jì ọ́."

Ìyá gbé báàgì sílẹ̀. "Ẹ dárí kí ni jì mí? Ṣebí ẹ̀yin ni ẹ ní kí ọmọ bá yín bẹ̀ mí?"

"Èmi? Kí n bẹ̀ ọ́ lórí kí ni? Ìwọ ni o ní o jẹ̀bi!"

"Háà! Ẹ̀yin tí ẹ ń sunkún?"

"Ta ló sunkún?"

Ọ̀rọ̀ di ariwo. Àwọn ará ilé kejì yọjú lójú fèrèsé. Nígbà tí ó yá, àwọn méjèèjì yíjú sí Wúràọlá lẹ́ẹ̀kan náà.

"Wúràọlá," ni ìyá rẹ̀ pè é jẹ́jẹ́, "ìwọ náà?"

Ì bá sàn fún un kí ó lù ú. Bísọ́dún gbé báàgì rẹ̀, ó sì padà sí gáréèjì. Akíntúndé wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn.

Ní Oǹdó lọ́jọ́ kejì, Wúràọlá jẹ́wọ́ fún àǹtí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì ń wá àwíjàre. "Àǹtí, àwọn àgbà ló ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, kí á fi tọmọ jẹ́ ẹ."

"Òótọ́ ni. Ta wá ni ó rán ọ?"

Wúràọlá fa àga, ó jókòó.

"Ìdajì ọ̀rọ̀ mi ni o gbọ́ lọ́jọ́sí," ni Àǹtí Fẹ̀yìntọlá wí. "Ẹnu ìyàwó rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ọkùnrin yẹn ti gbọ́ ọ, ó sì jẹ́ òótọ́. Ẹnu oníkàn la ti ń gbọ́ pọ̀ùn."

"Ẹ wá bá wọn parí rẹ̀. Ẹ̀yin ni ẹ mọ̀ nípa rẹ̀."

"Èmi? Àbúrò ọkọ? Kí n tó la ẹnu, ìyá rẹ yóò ti ní ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n mi ni mo wà. Ìyáàfin Oríọlá ni kí wọ́n lọ bá. Iṣẹ́ agbaninímọ̀ràn ni ó ń ṣe níhìn-ín ní Oǹdó, kò sì bá ẹnikẹ́ni nínú wọn tan. Ṣùgbọ́n ìwọ ni o máa kọ́kọ́ pè wọ́n, kí o sọ òótọ́."

Ó pè wọ́n. Bàbá rẹ̀ bá a wí gidigidi kí ó tó gbà láti wá. Ìyá rẹ̀ gbà, ó ní àfi kí Wúràọlá wà níbẹ̀.

Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí ó gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni Ìyáàfin Oríọlá. Wúràọlá rò pé yóò wàásù fún wọn, ṣùgbọ́n ìbéèrè ni ó fi bẹ̀rẹ̀, òun Wúràọlá sì ni ó kọ́kọ́ bi.

"Kí ló dé tí o fi ṣe é?"

"Ó ti sú mi, mà. Èmi ni wọ́n ń bi ní gbogbo ìgbà. Mo fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì fẹ́ sọ fún mi." Ẹkún gbọ̀n ọ́n. Akíntúndé dorí kodò.

Ìyáàfin náà wá yíjú sí àwọn òbí. "Kí ẹnì kan sọ bí ọjọ́ tí ìyá Wúràọlá kúrò nílé ṣe rí. Ẹnì kejì yóò tún ohun tó gbọ́ sọ kí ó tó fèsì."

Bísọ́dún ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Mo sọ fún un pé màmá mi ṣubú, mo fẹ́ lọ tọ́jú wọn. Ó ń tú fíríìjì lọ́wọ́. Kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, 'Máa lọ.' Bí ẹni ń lé ajá."

Akíntúndé fẹ́ jiyàn, ṣùgbọ́n Ìyáàfin Oríọlá gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ tún un sọ ná, sà."

"Ó ní... mo ní kí ó máa lọ, bí ẹni ń lé ajá." Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Bísọ́dún, ṣé bí o ṣe gbọ́ ọ nìyẹn?"

"Báwo ni ǹ bá tún ṣe gbọ́ ọ?"

"Ohun tí mo ní lọ́kàn ni pé kí o má ro tèmi, kí o má tilẹ̀ dúró dáná, kí o tètè máa lọ bá Màmá. Mo wá ń retí pé kí o padà. Nígbà tí n kò rí ọ, mo ní ọ̀dọ̀ mi ló ti sú ọ."

Bísọ́dún tún ọ̀rọ̀ náà sọ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń tọ́ ọ wò. Lẹ́yìn náà, ó ní, "Èmi náà ń retí pé kí ẹ wá mú mi."

Wúràọlá la ẹnu sílẹ̀. Máa lọ! Ọ̀rọ̀ kékeré yìí? Gbogbo irọ́ tí òun pa, kò sí èyí tó súnmọ́ ibi tí ọgbẹ́ náà wà.

Ọjọ́ kan kọ́ ni wọ́n fi parí rẹ̀. Bísọ́dún ní kí àwọn gbà pé ọ̀rọ̀ náà dára, kí ló dé tí ọkọ òun kò fi wá wo aláìsàn? Èyí kò ní àwíjàre, Akíntúndé sì fi ẹnu ara rẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Wọ́n tún padà sọ́dọ̀ Ìyáàfin Oríọlá lọ́pọ̀ ìgbà.

Nígbà tí ilé-ìwé kù díẹ̀ kó wọlé, Akíntúndé mú Wúràọlá lọ kí Ìyá Àgbà ní Bọ́lọ́rundúró. Ọmọ náà ti mọ̀ nígbà náà pé irọ́, bó ti wù kí ó dùn tó, kì í tún ilé ṣe, àti pé ẹrù tí ọkọ àti aya ní láti jọ gbé, orí ọmọ kò gbà á. Níbi tí òun àti Ìyá Àgbà ti ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí, ohùn àwọn òbí rẹ̀ ròkè lẹ́yìn ilé. Wọ́n ń jiyàn lórí ìgbà tí Bísọ́dún yóò padà sí Àkúrẹ́.

Ìyá Àgbà fi ìgbúnwọ́ tọ́ ọ. "Ṣé o ò ní lọ là wọ́n ni?"

Etí Wúràọlá ń yún un láti gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n ó mú ẹ̀gúsí mìíràn.

"Wọn ò jà, Ìyá Àgbà," ni ó wí. "Wọ́n ń bára wọn sọ̀rọ̀ ni."