Omi Tútù fún Ẹsẹ̀ Rùqáyyàh

Bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni Rùqáyyàh wá rán lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé ṣọ́ọ̀bù Lateef aránbàtà ní Ìrókò.

"Ẹsẹ̀ òsì nìkan," ó wí, ó sì ti jókòó sórí àpótí kí ẹnikẹ́ni tó ní kó jókòó. "Ti ọ̀tún, mo máa ń rà á lọ́jà bí gbogbo ayé."

Lateef kì í lè pa ẹnu mọ́. "Ṣebí méjì méjì ni wọ́n ń tà á lọ́jà. Kí lo wá ń fi èkejì ṣe? Ṣé o máa ń sè é lọ́bẹ̀ ni?"

"Mo ń kó wọn jọ ni. Ṣúmékà tó bá ti ń sọ̀rọ̀ jù, òun ni mo máa ń sọ ọ́ lù."

Ẹ̀rín pa Lateef. Ó kúnlẹ̀ láti wọn ẹsẹ̀, ọmọbìnrin náà sì ká ìró rẹ̀ sókè díẹ̀. Ẹ̀rín náà gbẹ lẹ́nu Lateef.

Ẹsẹ̀ òsì Rùqáyyàh tó ẹsẹ̀ mẹ́ta. Láti orúnkún dé ìsàlẹ̀, ẹran ti yọ lórí ẹran. Ọmọ ìka méjì níbẹ̀ rí bọ̀rọ̀gìdì bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, àmì pupa kan sì tẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ìgbà tí epo bá dà sáṣọ.

"Bí ẹ̀rù bá ń bà ọ́, tètè sọ ọ́ kí n wá ọ̀kadà padà s'Ákínyẹlé," ni Rùqáyyàh wí. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Ó ti sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn rí, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan.

"Ẹ̀rù kọ́. Òwú mi ni mo ń rò pé kò ní tó."

Ó fa òwú gígùn yọ, ó fi yí ẹsẹ̀ náà ká pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń fi aṣọ wé ọmọ ọjọ́ mẹ́ta. Ibi tí òwú parí sí, ó ta á ní kókó.

"Ó tán," ó wí. "Orúkọ?"

"Rùqáyyàh."

"Oríkì ńkọ́?"

"Kí ni ṣúmékà ń fi oríkì ṣe?" Ṣùgbọ́n ó sọ ọ́. Àjọkẹ́ ni. Láti ọjọ́ náà, Lateef kò pè é ní orúkọ mìíràn mọ́.

Lateef kì í kọ nọ́ńbà sílẹ̀. Oníbàárà kọ̀ọ̀kan ló ní òwú tirẹ̀ lára ìṣó ara ògiri, kókó ara òwú sì ni ìwọ̀n ẹsẹ̀ onítọ̀hún. Kókó kan ṣoṣo ni tàwọn yòókù. Ti Rùqáyyàh, oṣù kẹrin kò tíì pé tí bàtà fi há, tí kókó kejì fi kọjá èkíní. Ọdún méjì kọjá, kókó di márùn-ún.

Ní kókó kẹta ni Lateef mọ̀ pé ìfẹ́ ti wọ òun lára. Ó di ẹni tí ń gun ọ̀kadà lọ s'Ákínyẹlé lọ́sẹ̀ méjì méjì, á ní gaàrí lòun wá rà, bẹ́ẹ̀ gaàrí kún ilé ìyá rẹ̀ dé òrùlé. Gaàrí yíyan ni iṣẹ́ Rùqáyyàh. Iṣẹ́ ìjókòó ni. Èèyàn lè na ẹsẹ̀ sábẹ́ ìró nídìí agbada, kí ayé má rí i. Á máa fi igbá yí gaàrí, èéfín á bo ojú rẹ̀, á sì máa kọrin:

*Mo jókòó, ẹ má pè mí l'ọ́lẹ o,*
*Iná ń jó, gaàrí ń dún.*
*Ẹsẹ̀ mi wúwo, ọkàn mi fẹ́rẹ̀,*
*Èyí tó fẹ́rẹ̀ ni n óò fi jó.*

"Àjọkẹ́," Lateef wí lọ́jọ́ kan, "mo fẹ́ràn rẹ. Mo fẹ́ kó o jẹ́ aya mi."

Rùqáyyàh kò dáwọ́ gaàrí dúró. "Ṣé o mọ ohun tó ò ń sọ? Kí wọ́n tó bí mi tán ni wọ́n ti ń sọ pé ìyá mi tẹ nǹkan mọ́lẹ̀. Wọ́n sín mi ní gbẹ́rẹ́ títí kò síbi tí abẹ kò dé. Jàbùtẹ̀ ni wọ́n ń pè mí nílé kéwú. Ìyá rẹ ti rí ẹsẹ̀ mi?"

"Wọn kò tíì rí i."

"Lọ fi hàn wọ́n ná."

Ìyá Lateef, Mùsílímátù, kò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ tán.

"Jàbùtẹ̀! Lateef, ṣé àwọn ẹlẹ́sẹ̀ gígún ti tán ní gbogbo ilẹ̀ Ìbàdàn ni?"

"Kì í ṣe jàbùtẹ̀, Ìyá. Wọ́n bí i mọ́ ọn ni."

"Ìyẹn ló tún wá burú jù! Ohun tí wọ́n bí mọ́ èèyàn, ṣebí yóò bí i fún ọmọ ni? Ẹsẹ̀ wo ni àwọn ọmọ-ọmọ mi yóò gbé wáyé?" Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú. "Wo ọwọ́ yìí. Kò ní kan ẹsẹ̀ yẹn láéláé."

Ọ̀rọ̀ ńlá ni. Ní agbo ilé wọn, ìyá ọkọ fúnra rẹ̀ ló ń fi omi tútù wẹ ẹsẹ̀ ìyàwó lẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé. Ìyàwó tí wọn kò bá wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, àlejò ni, bó bá bí ọmọ mẹ́wàá.

Nígbà tí Rùqáyyàh gbọ́, kò bínú. Ó kàn wolẹ̀. "Èmi náà ti bi Ọlọ́run ní ìbéèrè ìyá rẹ. Bí mi ò bá mọ ohun tí n óò bí, mi ò ní fẹ́ ọ, Làtí. Mi ò ní jẹ́ kí ọmọ kan tún jókòó síbi tí mo jókòó sí."

Bí àwọn méjèèjì ṣe dé ọsibítù ńlá ní Ìbàdàn nìyẹn. Lateef mú òwú náà dání. Dókítà Títíladé, obìnrin jẹ́jẹ́ tó ti hu ewú, na òwú sórí tábìlì, ó ka kókó, ó tún un kà.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Èmi ni, mà."

"Ọdún méjì ni mo ń wò lórí tábìlì yìí. Ọ̀pọ̀ tó kàwé kò jẹ́ ṣe é fún mi." Wọ́n ya àwòrán ẹsẹ̀, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n ní kí àwọn méjèèjì padà wá. Nígbà tí wọ́n padà dé, dókítà dá orúkọ òyìnbó kan tó gùn bí ojú irin, ó sì túmọ̀ rẹ̀.

"Kì í ṣe jàbùtẹ̀. Ìyá rẹ kò tẹ nǹkan kan mọ́lẹ̀. Nígbà tí o kéré ju hóró gaàrí lọ nínú oyún, ibi tí yóò di ẹsẹ̀ yìí gba àṣẹ pé kó máa dàgbà, kò gba àṣẹ pé ó tó. Ibi yòókù lára rẹ gba méjèèjì. Ó ṣọ̀wọ́n gan-an. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ìwọ lo ṣe ìkejì."

"Ọmọ mi ńkọ́, mà?"

"Irú tìrẹ yìí, kò ti ọ̀dọ̀ bàbá wá, kò ti ọ̀dọ̀ ìyá wá. Kì í bọ́ sára ọmọ."

Rùqáyyàh bo ojú. Ẹkún ọdún mẹ́tàlélógún ló sun níbẹ̀.

"Ẹ gbọ́ èkejì," ni dókítà wí. "Ẹ̀jẹ̀ inú ẹsẹ̀ yìí kì í rìn geere. Ó lè dì. Lọ́jọ́ tó bá gbóná, tó le, tó ń dùn ún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ má fi ọwọ́ pa á, ẹ má fi omi gbígbóná jó o. Ẹ gbé e wá bá mi lójú ẹsẹ̀. Ẹ sọ fún gbogbo ará ilé."

Lójú ọ̀nà ilé, Lateef ní, "Èyí tó dáa la óò sọ fún Ìyá."

"Ká sọ méjèèjì."

"Bí wọ́n bá gbọ́ èkejì, wọn yóò ní ẹni tó máa kú lójijì ni mo fẹ́ gbé wálé. Jẹ́ kí wọ́n so yìgì ná. N óò sọ ọ́ lẹ́yìn náà."

Rùqáyyàh wojú rẹ̀ títí. Ó wu òun náà láti jẹ́ ìyàwó. Ó gbà fún un.

Ìyá Lateef gbọ́ ìdajì tó dáa náà. Ní ọjọ́ kẹrin, ó wọ ọ̀kadà lọ s'Ákínyẹlé, kò sọ ẹni tí òun jẹ́, ó ní kí wọ́n wọn gaàrí fún òun. Ó bá Rùqáyyàh nínú orin. Ó dúró títí orin fi parí.

"Ṣé dókítà ló sọ ọ́ lóòótọ́ pé kì í bọ́ sára ọmọ?"

Ara Rùqáyyàh sọ ẹni tó dúró níwájú rẹ̀ fún un. Ó fẹ́ kúnlẹ̀, ẹsẹ̀ kò jẹ́.

"Jókòó, má kúnlẹ̀," ni ìyá wí. "Ohùn rẹ dùn. Ohùn Lateef dà bí ti ewúrẹ́. Ó dáa kí ẹnì kan mọ orin kọ nínú ilé yẹn."

Àbí ẹ ò rí i! Àgbàlagbà tó ní ọwọ́ òun kò ní kàn án, òun ló wá ra abọ́ tánganran tuntun, olódòdó aláwọ̀ ewé, tí yóò fi wẹ ẹsẹ̀ ìyàwó. Ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà kí gbogbo àdúgbò máa rí i. Bó bá ń gbálẹ̀ láàárọ̀, orin ìwẹsẹ̀ ló ń kọ́ ẹnu rẹ̀:

*Gbẹ́sẹ̀ wá, ìyàwó, gbẹ́sẹ̀ wá,*
*Omi tútù rèé, kò ní jó ọ.*
*Ẹsẹ̀ tó rìn jìnnà ló rẹ̀,*
*Wọlé o, ìyàwó, o ti délé.*

Ó ku ọjọ́ méjìlá kí wọ́n so yìgì, Rùqáyyàh wá s'Írókò láti wọ bàtà funfun tí yóò lò lọ́jọ́ náà wò. Lateef ti lọ ra awọ ní Ìbàdàn. Ìyá Lateef ló bá nílé, ìyá sì rí i pé ó ń wọ́ ẹsẹ̀.

"Ó ń dùn ọ́ ni?"

"Ó ń dùn mí díẹ̀, Ìyá. Ó gbóná láti àná."

"Háà, ọmọ mi! Ọ̀nà jíjìn lo rìn. Jókòó síbí."

Ó gbé omi kaná. Ó rẹ tówẹ̀lì sínú omi gbígbóná, ó fún un, ó fi jó ẹsẹ̀ náà. Ó bu òrí sọ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa á láti ọrùn ẹsẹ̀ lọ sókè, pẹ̀lú agbára, pẹ̀lú ìfẹ́, bí àwọn ìyá wa ṣe ń pa á fún wa. Ó ń kọ orin ìwẹsẹ̀ lábẹ́nu.

Rùqáyyàh mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí pé ṣé kò mọ̀ ni. Ó la ẹnu láti sọ ọ́, omijé ló jáde.

Lateef dé, ó bá ìyá rẹ̀ níbi tó ti ń nu òrí lọ́wọ́, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó wo tówẹ̀lì. Ó wo omi tó ń ru èéfín. Ó ju awọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Àjọkẹ́!"

"Àyà mi ń fún," ni Rùqáyyàh wí.

Wọ́n ké sí ọlọ́kọ̀ kan. Lateef gbé e sí àyà rẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀. Èémí rẹ̀ ń já bí òwú tó ti gbó.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún wọn, olólùfẹ́ mi? Kí ló dé?"

"Ọwọ́ wọn rọ̀, Làtí." Ó sinmi, ó wá èémí. "Yàtọ̀ sí ìyá mi àti ìwọ, kò sẹ́ni tó fi ìfẹ́ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ yẹn rí. Mi ò lè ní kí wọ́n gbé e kúrò."

Wọn kò tíì kọjá Mọ́níyà lójú ọ̀nà ọsibítù tí ọwọ́ rẹ̀ fi tú kúrò lára ẹ̀wù Lateef.

Dókítà Títíladé ní ẹ̀jẹ̀ tó dì nínú ẹsẹ̀ ló gbéra lọ dí ẹ̀dọ̀fóró. Ó ní ó lè gbéra fúnra rẹ̀, bí ẹnikẹ́ni kò bá tilẹ̀ fọwọ́ kàn án. Kò sẹ́ni tó lè búra. Lateef gbọ́ ọ létí, kò wọ̀ ọ́ lọ́kàn.

Akínyẹlé ni wọ́n gbé e lọ sin. Nígbà tí àwọn obìnrin fẹ́ wẹ̀ ẹ́, Ìyá Lateef yọ sí wọn, abọ́ olódòdó aláwọ̀ ewé ló gbé dání. Ó kúnlẹ̀ níwájú Mùjíbátù, ìyá Rùqáyyàh.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹsẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Mo ti ra abọ́."

Mùjíbátù sún fún un.

Omi tútù ló bù. Ó wẹ ẹsẹ̀ kékeré, ó wẹ ẹsẹ̀ ńlá, ó wẹ àárín ọmọ ìka kọ̀ọ̀kan. Ètè rẹ̀ ń mì, ohùn kò jáde, ṣùgbọ́n gbogbo obìnrin ibẹ̀ mọ orin tó ń kọ.

Lẹ́yìn tí ààfáà ti ṣàdúà tán, ó bá Lateef lábẹ́ igi.

"Wọ́n ní o mọ̀ pé kò yẹ ká fọwọ́ pa ẹsẹ̀ yẹn. Lateef, sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ọwọ́ mi ni?"

"Ọwọ́ yín kọ́, Ìyá. Ẹnu mi ni." Ó sọ ìdajì tó fi pamọ́ fún un, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. "Mo rò pé bí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ óò tún kọ̀ ọ́."

Ìyá wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

"Ǹ bá kọ̀ ọ́ lóòótọ́," ó wí. "Ṣùgbọ́n ì bá wà láyé."

Ó wá jókòó ti ọmọ rẹ̀ lórí erùpẹ̀, ó gbé orí Lateef lé itan, àwọn méjèèjì sì sunkún bí ọmọdé.

Òwú oníkókó márùn-ún ṣì wà lára ìṣó ní ṣọ́ọ̀bù Lateef, bàtà funfun méjì tí kò bára dọ́gba wà lábẹ́ rẹ̀. Abọ́ olódòdó wà lẹ́nu ọ̀nà Ìyá Lateef. Láàárọ̀, kó tó gbálẹ̀, á pọn omi tútù kún un. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé, á ní kó yà díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó fi àyè sílẹ̀ fún ìyàwó. Á wá bẹ̀rẹ̀ orin:

*Ẹsẹ̀ tó rìn jìnnà ló rẹ̀,*
*Wọlé o, ìyàwó, o ti délé.*