Kànga Tí Wọn Kò Sọ Ìtàn Rẹ̀

Ọjọ́ mẹ́ta péré ló kù kí Iléyá pé. Rùfáì káfíńtà ń rẹ́ pákó níwájú ilé wọn ní Òkè-Àgbò, Ìjẹ̀bú-Igbó, nígbà tí àgbò ọdún já okùn, tó sá gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Hafeez, àbúrò rẹ̀ tó ń kàwé ní Àgọ́-Ìwòyè, tó wálé wá ṣọdún, sá tẹ̀ lé e. Kò pẹ́ tí páànù fi dún gbàmù.

Kànga àtijọ́ kan wà níbẹ̀. Wọ́n ti pa á tì kí wọ́n tó bí Rùfáì. Páànù àti pákó ni wọ́n fi bò ó, pákó náà sì ti jẹrà. Àgbò ti já sínú rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, mo ń gbọ́ bó ṣe ń tapá," ni Hafeez wí. "Kò jìn. Ẹ so okùn mọ́ igi, màá gbé e jáde."

Rùfáì so okùn mọ́ igi ọsàn. Hafeez kò so ó mọ́ ìdí, ọwọ́ lásán ló fi dì í mú tó fi ń sọ̀ kalẹ̀. Àgbò ti dákẹ́ nígbà yẹn. Kò sẹ́ni tó fiyè sí i.

"Bọ̀ọ̀dá, òòyì ń kọ́ mi."

Okùn dẹ̀. Rùfáì pè é, ó tún pè é. Ohùn tirẹ̀ nìkan ló ń padà bọ̀. Ó bọ́ bàtà, ó gbé ẹsẹ̀ kan sẹ́nu kànga. Ni ẹnì kan bá fa ẹ̀wù rẹ̀ lẹ́yìn. Ìyá wọn ni, Asimawu.

"Má wọ ibẹ̀."

"Ìyá mi, Hafeez ni."

"Mo mọ̀ pé Hafeez ni. Ṣé ẹ̀yin méjèèjì ni kí n sin?" Ìyá jókòó sílẹ̀, ó di ẹsẹ̀ Rùfáì mú pinpin. "Ẹni méjì ló kú síbẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, nígbà ayé bàbá àgbà yín. Ọ̀kan wọ ibẹ̀ lọ mú korobá, èkejì wọ ibẹ̀ lọ gbé e. Ìdí tí wọ́n fi pa á tì nìyẹn."

"Ẹ ò sọ fún wa rí."

"Wọ́n ní yóò ba orúkọ ilé jẹ́."

Rùfáì pe 112. Àwọn panápaná dé pẹ̀lú ìbòjú àti àgbá afẹ́fẹ́ tí wọ́n gbé kọ́ ẹ̀yìn. Wọ́n gbé Hafeez jáde. Ó ti kú.

"Àgbò ṣì ń mí nígbà tó já síbẹ̀," ni Rùfáì ń wí ṣáá.

Ìbíkẹ́, ọ̀gá àwọn panápaná, rọra dá a lóhùn. "Kò mí pẹ́. Afẹ́fẹ́ tí ènìyàn lè mí kì í sí nínú kànga tí wọ́n ti dé pa tipẹ́. Èyí tó wà níbẹ̀ lè má rùn rárá, ojú ò sì lè rí i. Ẹni tó bá wọ ibẹ̀ lè dákú kó tó ké. Ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ tó bá tẹ̀ lé e, òun náà ń lọ nìyẹn."

Wọ́n sin Hafeez kí wọ́n tó kírun Alásárì. Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, Ìyá Asimawu ní kí wọ́n fún òun láyè sọ̀rọ̀ ní mọ́ṣáláṣí. "Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lẹ́nu kànga," ló wí, "ó yẹ kí n ti sọ ọ́ láti ogún ọdún sẹ́yìn." Lẹ́yìn ìrun, Rùfáì àti àwọn àgbà àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ojúlé dé ojúlé. Kànga àtijọ́ mọ́kànlá ni wọ́n rí. Òkúta àti iyẹ̀pẹ̀ ni wọ́n fi dí wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ bi àwọn àgbà ilé yín lónìí: níbo ni kànga àtijọ́ wà, kí ló sì ṣẹlẹ̀ níbẹ̀? Ẹ dí i, tàbí kí ẹ fi kọnkéré bò ó. Bí ohunkóhun bá já sí kànga, bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ yín ni, ẹ má wọ ibẹ̀. Ẹ lé èrò sẹ́yìn, ẹ pe 112, kí ẹ sì dúró, bó ti wù kí ìdúró náà korò tó.