Akáyín Kì Í Ṣe Atọ̀ọ́lé

Ìwé kejìlélógójì ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ nígbà tí Ìyá Atẹ̀wé dá a dúró. Ó gbé ìwé náà sún mọ́ fèrèsé. Ọmọbìnrin kan ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀, eyín iwájú méjì kò sí lẹ́nu rẹ̀. Lókè orí rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí pé: "Ẹ má na ọmọ tó ń tọ̀ sórí ibùsùn. Ẹ gbé e wá fún ìtọ́jú."

Níbo lòun ti rí ẹ̀rín yìí rí?

Ó bi Nọ́ọ̀sì tó gbé iṣẹ́ náà wá. Nọ́ọ̀sì ní ọmọ Télọ̀ òdìkejì ọ̀nà ni, òun ló ya àwòrán rẹ̀ lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára, ìyá rẹ̀ sì gbà.

"Kí ló gbà?"

"Pé kí n yà á, mà."

"Ṣé ó mọ ohun tí o fẹ́ fi í ṣe?"

Nọ́ọ̀sì ní òun kò sọ ìyẹn fún un. Ìyá Atẹ̀wé mú ìwé kan, àwọn méjèèjì sọdá.

Télọ̀ yọ abẹ́rẹ́ tó há sẹ́nu, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Nọ́ọ̀sì, ọjọ́ wo lẹ bá mi sá ẹní ọmọ yìí rí? Kì í tọ̀ọ́lé."

Nọ́ọ̀sì tọrọ àforíjì. Ó ṣàlàyé pé ìwé náà yóò gba ọ̀pọ̀ ọmọ lọ́wọ́ pàṣán. Ọkàn Télọ̀ rọ̀ díẹ̀. Ó ní kí wọ́n bi ẹni tó ni ojú.

Akáyín, bí wọ́n ṣe ń pe ọmọ náà nítorí eyín rẹ̀, jáde lábẹ́ tábìlì, àjákù aṣọ kún ọwọ́ rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn láti rí ara rẹ̀, títí ó fi ka ọ̀rọ̀ tó wà lókè.

"Màmá, wọ́n á máa pè mí ní Atọ̀ọ́lé ní kíláàsì. Bí eyín mi bá hù, Akáyín á tán. Èyí ńkọ́, ìgbà wo ló máa tán?"

Nọ́ọ̀sì ní àṣìṣe òun ni, kí wọ́n yọ àwòrán náà. Ṣùgbọ́n kí ni wọn yóò fi rọ́pò?

"Ẹ ya ẹní," ni Akáyín wí. "Ẹní ò lójú."

Télọ̀ sá ẹní kan sórí okùn, Nọ́ọ̀sì yà á. Nígbà tí oòrùn fi máa rọlẹ̀, igba ìwé ti jáde, ẹní nìkan ló wà lórí wọn. Ìyá Atẹ̀wé gé àwòrán kúrò lára méjìlélógójì àkọ́kọ́, ó kó o fún Télọ̀ pé kó fọwọ́ ara rẹ̀ jó o. Ó fi ìyókù di ìwé ìkọ̀wé pélébé fún Akáyín, nítorí ẹ̀yìn wọn ṣì funfun.

Lẹ́yìn náà ló tẹ ìwé kan ṣoṣo sí i, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù:

"Ẹni tó gbà kí o ya ọmọ òun kò tíì gbà kí o lo àwòrán náà. Fi iṣẹ́ náà gan-an han òbí, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí o kọ sí i àti ibi tí o máa lẹ̀ ẹ́ sí. Jẹ́ kó fọwọ́ sí ìwé. Bi ọmọ náà pẹ̀lú. Bí ẹnì kan nínú wọn bá kọ̀, wá nǹkan mìíràn. Ibí yìí la ti máa bi ọ́."

Ó ti ilẹ̀kùn, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò, ó gba ilé lọ.