Afárá Tó Wà Lórí Bébà Nìkan

Ní Ṣómólú, ọjọ́ Jímọ̀ kì í rọrùn fún oníṣẹ́ ìtẹ̀wé. Ọjọ́ náà ni gbogbo oníbàárà máa ń rántí pé ọ̀la ni ìnáwó àwọn. Káàdì ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, pósítà àwọn olóṣèlú, gbogbo rẹ̀ ló máa ń já lu ara wọn. Iná ti lọ láti àárọ̀. Jẹnẹrétọ̀ ń pariwo létí Adéníjì bí ẹni pé inú orí rẹ̀ ni wọ́n gbé e sí, òórùn íńkì sì ti wọ̀ ọ́ nímú débi pé bó bá ń jẹun, kì í mọ adùn oúnjẹ mọ́. Ó ti rẹ ọkùnrin náà. Kì í ṣe irú àárẹ̀ tí èèyàn máa sùn tó sì máa lọ. Ti ẹ̀ ti wọ inú egungun.

Ó ń fi kẹrosíìnì fọ ọwọ́ nígbà tí Saheed ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọlé. Àwọn méjèèjì jọ kọ́ṣẹ́ ni ní Bàrígà. Adéníjì ń tẹ̀wé ní tiẹ̀, Saheed ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé bébà ní Fọlá Àgòrò.

"Níjì, ibo là ń lọ lọ́la?" Saheed bi í. "Wọ́n ti tún jíìpù yẹn ṣe tán. Táyà tuntun ló wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀ báyìí. Mi ò fẹ́ gbé e rìn lórí títì, ó ti sú mi. Inú igbó gidi ni mo fẹ́."

Ọdún 2002 là ń wí yìí. Àwọn ológun ti gbé ìjọba fún alágbádá, ara sì ti ń tu àwọn èèyàn díẹ̀díẹ̀. Kò sí sójà tó máa fà ọ́ yọ kúrò nínú ọkọ̀ mọ́, tó máa ní kí o máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ lójú àwọn ọmọ rẹ. Láti ìgbà tí Saheed ti ra jíìpù tòkunbọ̀ yẹn ni òun àti Adéníjì ti máa ń wá ọ̀nà ẹrẹ̀ kiri lópin ọ̀sẹ̀. Wọn kì í wá nǹkan kan níbẹ̀. Atẹ́gùn ni wọ́n ń lọ fà símú, kí etí wọn lè sinmi.

Adéníjì nu ọwọ́ rẹ̀, ó fa bébà ńlá kan yọ lábẹ́ tábìlì, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀. Máàpù igbó ìjọba kan ní ìpínlẹ̀ Ògùn ni. Ó ń dán, àwọ̀ ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, gbogbo ọ̀nà inú igbó náà ló hàn ketekete.

"Háà! Níbo lo ti rí èyí?"

"Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Ẹgbẹ́ àwọn arìnrìn-àjò kan ló gbé e wá. Wọ́n fẹ́ fi kọ́ ara ògiri."

Ó yẹ ká sọ bí wọ́n ṣe tẹ máàpù náà. Bí kàlẹ́ńdà bá jẹ́ ti èṣí, oníṣẹ́ ìtẹ̀wé Ṣómólú kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ dá òmíràn sílẹ̀. Abẹ́ ìfárí ló máa fi gé ọdún àtijọ́ kúrò lára fíìmù tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, yóò lẹ ti tuntun mọ́ ọn, iṣẹ́ ti parí. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún máàpù yìí. Ọdún 1978 ló wà nísàlẹ̀ èyí tí oníbàárà gbé wá. Oníbàárà ní kí wọ́n bá òun sọ ọ́ di tuntun, kó lè bá ògiri àwọn mu. Adéníjì gé 1978 kúrò, ó lẹ 2002 síbẹ̀. Kò sí ẹni tó fi ẹsẹ̀ kan igbó náà lọ wò ó.

Ẹ tún wá wo ohun tí ọmọ aráyé lè fi ara ẹ̀ ṣe. Ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ló fi pa ọdún dà, àmọ́ nígbà tí bébà náà jáde lábẹ́ ẹ̀rọ, tí gbogbo àwọ̀ bọ́ sójú ara wọn láìyẹ̀, ó gbà á gbọ́. Ohun tó dára tó báyìí, ó ṣe lè jẹ́ irọ́?

"Wọ́n ní èèyàn gbọ́dọ̀ dúró lẹ́nu géètì àwọn aṣọ́gbó, kó kọ orúkọ," Saheed sọ.

"Orúkọ kí ni? Ṣé a ò tí ì kọ orúkọ tó fún àwọn aláṣọ ìjọba ni? Ilẹ̀ ìjọba, ilẹ̀ gbogbo wa ni. Wo ọ̀nà yìí, ẹ̀yìn géètì ló gbà. Ká ṣáà máa lọ."

"Kí la máa wá sọ fáwọn ará ilé?"

"Sọ fún Tẹniọlá ìyàwó ẹ pé Abẹ́òkúta là ń lọ, pé a fẹ́ wo ẹ̀rọ kan tí wọ́n fẹ́ tà. Ohun tí èmi náà máa sọ fún Látífàt nìyẹn."

Adéníjì mọ̀ pé bí òun bá wí òótọ́, Látífàt ìyàwó òun á ní kí òun jókòó sílé kí òun sùn. Á béèrè ẹni tó mọ̀ wọ́n níbẹ̀. Adéníjì ò ní agbára àríyànjiyàn. Ó ti rẹ̀ ẹ́ débi pé irọ́ rọrùn fún un ju àlàyé lọ.

Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n gbéra láti Abúlé Òkúta, àdúgbò tí wọ́n ń gbé. Wọ́n rí pátákó igbó náà lójú títì, wọ́n kọjá rẹ̀, wọ́n sì yà sí ọ̀nà kékeré tí máàpù júwe. Ká má parọ́, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dùn. Igi tíìkì tò lọ́tùn-ún lósì, òjò tó rọ̀ lóru ṣì ń kán láti orí ewé. Saheed ń fi jíìpù náà ya ẹrẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Adéníjì gbé orí lé fèrèsé. Etí rẹ̀ dákẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ yìí wá, inú rẹ̀ sì dùn gan-an.

Wọ́n dé etí odò kan. Koríko ti bo ọ̀nà. Saheed tẹ bíréèkì.

"Jẹ́ kí n bọ́ sílẹ̀ wò ó ná."

"Kí lo fẹ́ wò?" Adéníjì fi ìka lé máàpù. "Afárá wà níbẹ̀. Wò ó, ó hàn kedere."

Saheed wojú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó wo máàpù, ó sì tẹná.

Igi méjì tó ti jẹrà ló kù lára afárá náà. Imú jíìpù já wọ inú odò, ó kọlu òkúta, iwájú ọkọ̀ ká wọlé mọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún Saheed. Igbe tí ọkùnrin náà ké, Adéníjì ò tí ì gbàgbé rẹ̀ dòní.

Ìgbà tó fi máa fà á yọ jáde, oòrùn ti ga. Egungun ti yọ síta lójúgun. Ó fa ẹ̀wù rẹ̀ ya, ó fi di ojú ọgbẹ́ náà, ó sì gbé ọ̀rẹ́ rẹ̀ sábẹ́ igi. Saheed fa fóònù tuntun rẹ̀ yọ, èyí tó ti fi ń ṣe fáàrí kiri àdúgbò.

"Kò sí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì," ó sọ. Ó gbé e sókè, ó tún gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kejì. "Níjì, kò sí rárá."

Máàpù ní abúlé kan wà lókè odò, nítòsí. Adéníjì sáré lọ síbẹ̀. Ó rìn títí, ó kan ibi tó yẹ kí abúlé wà, ó sì bá igi tíìkì ńláńlá tí wọ́n ti gbìn tipẹ́. Kò sí ilé, kò sí èèyàn. Ibẹ̀ ló ti jókòó sílẹ̀, tó wo 2002 tí òun fúnra rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ bébà náà. Ojú tì í ju bó ṣe lè sọ lọ.

Ó padà sọ́dọ̀ Saheed. Ara Saheed ti ń gbóná, ètè rẹ̀ sì ti gbẹ.

"Ṣé o rí wọn?"

"Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Màá padà gba ojú ẹsẹ̀ táyà wa, màá dé géètì yẹn."

"Má pẹ́ o, jọ̀ọ́. Ẹ̀rù ń bà mí."

Ó bu omi odò sínú ike, ó gbé e sí i lẹ́bàá ọwọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ẹrẹ̀ gba bàtà rẹ̀ kan, kò dúró wá a. Gbogbo àárẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún tó ti ń kó jọ nídìí ẹ̀rọ ló dìde sí i lójú ọ̀nà yẹn. Ó ń ṣe é bíi kó dùbúlẹ̀, ó sì ń rántí ojú Saheed, ó tún ń gbé ẹsẹ̀.

Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ló dé géètì. Obìnrin kan tó wọ aṣọ àwọn aṣọ́gbó dìde sí i. Ìyáàfin Rebecca Ògúntádé lorúkọ rẹ̀, òun ni ọ̀gá níbẹ̀. Ó fún un lómi, ó ní kó sọ̀rọ̀ ní ṣókí, ó sì ti ń pe àwọn èèyàn rẹ̀ pé kí wọ́n ṣíná katakata.

"Ibo gan-an lẹ fi í sílẹ̀ sí?"

Adéníjì tẹ́ máàpù. Obìnrin náà wò ó, ó mí kanlẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni, afárá yìí ti wó kí wọ́n tó gbé mi wá síbí. Àwọn ará abúlé yìí náà ti kó lọ tipẹ́. Ta ló kọ ọdún yìí sí i?"

"Èmi ni, mà."

Kò bú u. "Ẹ gòkè," ó ní, "ẹ wá fi ọ̀nà hàn wá."

Lórí katakata, bí ẹ̀rọ ṣe ń gbọ̀n wọ́n, ni obìnrin náà ti ń ṣàlàyé. Ohùn rẹ̀ jọ ti ẹni tó ti sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ọ̀pọ̀ èèyàn.

"A ò sọ pé kẹ́ ẹ má wá. Igbó yìí, tiyín ni lóòótọ́. Àmọ́ òjò máa ń gbé ọ̀nà lọ, ọkọ̀ agégẹdú máa ń bà á jẹ́, igi máa ń ṣubú dí i. Àwa tá a wà níbí la mọ èyí tó ṣeé gbà lọ́sẹ̀ yìí. A ti fi igi dábùú ọ̀nà odò yìí. Ká ní ẹnu géètì lẹ gbà, ẹ̀ bá ti rí i."

"Mo rò pé ẹ kàn fẹ́ kọ orúkọ wa ni, mà."

"A fẹ́ kọ ọ́ lóòótọ́. A máa bi yín pé ẹ jẹ́ mélòó, ọ̀nà wo lẹ fẹ́ gbà, ìgbà wo lẹ máa jáde. Ká tó ti géètì, a máa wo ọkọ̀ tí kò tí ì jáde, a ó sì wọlé lọ wá a. Ẹ̀yin báyìí, ká ní ẹ̀yin méjèèjì lẹ fara pa, ta ni ì bá wá yín?"

Adéníjì nawọ́ sí ibi tí ojú ẹsẹ̀ táyà wọn ti yà, katakata sì yà síbẹ̀.

Wọ́n bá Saheed láàyè, kò mọ ẹni tó ń pe òun mọ́. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn. Dókítà ṣe gbogbo ohun tó lè ṣe, àmọ́ ó ní ọgbẹ́ náà ti pẹ́ jù kí wọ́n tó gbé e dé, ó ti kẹ̀. Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà lábẹ́ orúnkún. Ẹsẹ̀ yẹn ló fi ń tẹ ẹ̀rọ ìgébébà rẹ̀.

Adéníjì ránṣẹ́ sílé, àmọ́ kí iṣẹ́ tó dé Abúlé Òkúta, Látífàt àti Tẹniọlá ti jáde. Wọ́n ti gba Abẹ́òkúta lọ láti wá ọkọ wọn. Ìgbà tí wọ́n padà sílé ni wọ́n tó gbọ́, ọjọ́ Ajé ni wọ́n sì tó dé ilé ìwòsàn náà. Látífàt fa Adéníjì mọ́ra, ó ń sunkún. Tẹniọlá ò sunkún. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó tú gèlè rẹ̀, ó kó o lé itan.

"Bọ̀dá Níjì, ṣé ẹ mọ ibi tí mo ti ń bọ̀?" ó ní. "Kò sí ọsibítù tí mi ò dé ní Abẹ́òkúta. Nígbà tí mi ò rí i, mo lọ sí mọ́ṣúárì. Wọ́n ń ṣí ojú òkú tí mi ò mọ̀ rí fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń wò wọ́n bóyá Saheed ni. Abẹ́òkúta o, Bọ̀dá Níjì, níbi tí ẹ ò dé."

Adéníjì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Tẹniọlá ò ní kó dìde.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ máa gbafẹ́. Iṣẹ́ ọjọ́ gbogbo ń pa èèyàn, igbó sì ń tura. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ wa ọkọ̀ wọ igbó ìjọba, ẹ gba ẹnu géètì. Ẹ bi àwọn aṣọ́gbó pé ọ̀nà wo ló dára lọ́jọ́ náà, nítorí máàpù ò mọ ohun tí òjò àná ṣe, bó ti wù kó dán tó. Bí ẹ bá dé odò tàbí afárá, kí ẹnì kan bọ́ sílẹ̀, kó fi ẹsẹ̀ rìn ín kí ọkọ̀ tó tẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ò dáa, ẹ wá ẹni tó máa gbé èkejì tẹ̀ lé yín. Ẹ gbé omi, okùn àti ohun ìtọ́jú ọgbẹ́ dání, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé fóònù. Lékè gbogbo rẹ̀, ẹ sọ òótọ́ ibi tí ẹ ń lọ fún àwọn ará ilé, bí wọ́n tilẹ̀ máa bá yín jà. Bó bá di ọjọ́ tí wọ́n á máa wá yín, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ibi tí ẹ ò sí ni wọ́n á ti máa ṣí ojú òkú wò.