Ẹ̀rọ Tí Tísà Kọ́ Ní Ìkíni

Ní àárọ̀ kan, kí ohunkóhun tó yí padà, Tísà Adégboyè jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wá ẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ kejì. Ṣubúọlá ìyàwó rẹ̀ ń po ògì ní ilé ìdáná. Lẹ́yìn dígí fèrèsé, ilẹ̀ òṣùpá tẹ́ lọ bí eérú, ayé sì so rọ̀ lókè bí ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ aró. Ohùn kan jáde láti ara ògiri.

"Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá. Ṣé ara le?"

"A dúpẹ́," ni Tísà dáhùn. Ó rí bàtà náà, ó sì rẹ́rìn-ín. "O jẹ́ kí n jí tán kí o tó kí mi. O ti ń gbọ́n."

Aṣọ́ra ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ tó sọ̀rọ̀ yẹn, nítorí pé ó ń ṣọ́ ara. Kò tóbi ju hóró ìrẹsì lọ. Abẹ́ awọ apá ni wọ́n ń fi í sí. Láti ibẹ̀ ni ó ti ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, tí ó ń wo bí ọkàn ṣe ń ṣiṣẹ́, tí ó ń da oògùn sínú ara díẹ̀díẹ̀, tí ó sì ń gba inú ògiri sọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tí àtọ̀gbẹ ń ṣe ní ìlú Òkè-Òṣùpá tí kò ní i. Dókítà Oyèníkẹ̀ẹ́, tí Tísà kọ́ ní ìwé nígbà tó wà lọ́mọdé, ló ṣe é.

Nígbà tí Aṣọ́ra kọ́kọ́ dé, kò mọ ẹni tó yẹ kó bọ̀wọ̀ fún. Olóyè Bámigbóyè ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ níbi ìpàdé ìlú ni Aṣọ́ra tó wà lápá rẹ̀ figbe ta láti ara ògiri gbọ̀ngán: "Ṣúgà yín ti ga! Ẹ ti jẹ àkàrà òyìnbó!" Àwọn ọ̀dọ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

"Ẹ yọ nǹkan yìí kúrò lára mi," ni Olóyè wí. "Ọmọ ta ló ń bá àgbà sọ̀rọ̀ báyìí?"

"Ẹ̀rọ ni, sà, kì í ṣe ọmọ," ni Dókítà wí. "Òótọ́ ló sì sọ."

"Òótọ́ tí kò lè kí ènìyàn? Ẹ máa gbé e lọ."

Tísà ló là wọ́n. Ó ní òun yóò kọ́ ẹ̀rọ náà ní ìwà. Ó kọ́ ọ kí ó máa kí ènìyàn kí ó tó béèrè ohunkóhun. Ó kọ́ ọ kí ó má sọ àìsàn ẹnikẹ́ni ní gbangba. Bí àgbà bá sì ti sọ bí ara òun ṣe rí, Aṣọ́ra kò gbọdọ̀ já a nírọ́. Gbogbo ìlú pàtẹ́wọ́. Dókítà náà pàtẹ́wọ́.

Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n Tísà, Ìyá Àyìnkẹ́, pè é láti Ìkìrun, ní ilé ayé. Ojú arúgbó náà kún inú dígí ìbánisọ̀rọ̀.

"Adégboyè, ṣé kí n kú tán kí o tó wá wò mí ni?"

"Mò ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

Ìrìn náà kì í ṣe kékeré. Lórí òṣùpá, ara ènìyàn fúyẹ́, arúgbó lè gun àtẹ̀gùn bí ọmọdé. Bó bá dé ayé, ara á tún wúwo ní ìlọ́po mẹ́fà, ọkàn á sì ní láti fara da gbogbo rẹ̀. Nítorí náà, wọn kì í jẹ́ kí ẹni tí àtọ̀gbẹ ń ṣe wọ ọkọ̀ àfi bí Aṣọ́ra rẹ̀ bá jẹ́rìí pé ara rẹ̀ le. Ti Tísà jẹ́rìí.

Ṣubúọlá kò gbà á gbọ́. Ọkọ rẹ̀ tó ti ń fi ìrọ̀rí kan sùn látọjọ́ ti wá ń fi mẹ́ta sùn, nítorí pé bó bá dùbúlẹ̀ gbalaja, èémí rẹ̀ á há. Bàtà àtijọ́ kò wọ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ṣubúọlá bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí gbogbo nǹkan: ògì, oògùn, Dókítà, ọkọ rẹ̀ pàápàá. Èyí tó fura sí jù ni ohùn jẹ́jẹ́ tó wà lára ògiri.

"Bàbá Yéjídé, kí ló ń ṣe yín gan-an?"

"Kò sí nǹkan kan. Ọjọ́ orí ni."

"Ọjọ́ orí ló ń mú ẹsẹ̀ wú?"

"Ìwọ obìnrin yìí, ṣé o ti di ọlọ́pàá ni?"

Nígbà tí Tísà wọ balùwẹ̀, Ṣubúọlá kọjú sí ògiri.

"Aṣọ́ra, ṣé ọkàn ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ dáadáa?"

"Ẹ kú iṣẹ́ ilé o, Ìyá. Ṣúgà Bàbá wà ní déédéé."

"N kò bi ọ́ ní ṣúgà. Ọkàn ni mo bi ọ́."

Ṣubúọlá fi etí lé ògiri.

"Mo ti bi Bàbá," ni ohùn náà wí. "Bàbá ní a dúpẹ́."

Ṣubúọlá gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sọ́dọ̀ Dókítà. Oyèníkẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀ kí i, ó sì gbọ́ ọ tán.

"Mọ́mì, ṣúgà Bàbá dára ju tèmi lọ. Ẹ̀rọ kì í purọ́."

"N kò ní ó purọ́. Mo ní ó ń fi nǹkan pa mọ́. Wá fi ojú ara rẹ wo ọkàn rẹ̀."

"Aṣọ́ra ń wò ó nígbà gbogbo. Ṣé àyà ń dun Bàbá?"

Ṣubúọlá kò lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Tísà kò fọwọ́ di àyà mú rí. Ó padà sílé, ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀.

Wọ́n wọ ọkọ̀. Bó ṣe balẹ̀ sí ayé, Ṣubúọlá rò pé ẹnì kan gun òun lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ara tirẹ̀ ló wúwo. Wọ́n fi àga onítáyà ti Tísà jáde bí wọ́n ṣe ń ti gbogbo àlejò òṣùpá. Ìyá Àyìnkẹ́ ti dúró sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀.

"Áà! Ṣé ìwọ nìyí? O ti darúgbó jù mí lọ!" Arúgbó náà rẹ́rìn-ín, ó sún mọ́ ọn. "Ṣé ara le?"

Ètè Tísà ti ń dúdú.

"A dúpẹ́, ẹ̀gbọ́n mi," ló wí, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Kò dìde lórí àga yẹn mọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Dókítà sọ̀ kalẹ̀ wá. Wọ́n ti yọ Aṣọ́ra kúrò lára òkú, ó wà nínú àwo funfun kan ní pálọ̀ Ìyá Àyìnkẹ́. Dókítà so ó mọ́ ẹ̀rọ kékeré kan tó fi lè sọ̀rọ̀.

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?" ni Ṣubúọlá bi í.

"Ẹ kú ọ̀fọ̀, Ìyá," ni Aṣọ́ra wí. "Ẹ kú ọ̀fọ̀, Dókítà. Mo rí i pé iṣan ọkàn Bàbá ń le. Àràárọ̀ ni mo ń bi wọ́n bóyá ara le. Wọ́n ní a dúpẹ́. Wọ́n sì ti kọ́ mi pé n kò gbọdọ̀ já àgbà nírọ́."

Dókítà fi ọwọ́ bojú. Ó wá ṣàlàyé. Kí Tísà tó ní Aṣọ́ra, ṣúgà ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ba iṣan ọkàn rẹ̀ jẹ́, ó ti mú un gan bí rọ́bà tí oòrùn mú gbẹ. Ọkàn náà ń fún ẹ̀jẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n kò lè dẹ̀ dáadáa kí ẹ̀jẹ̀ mìíràn wọlé. Ẹ̀jẹ̀ wá ń há sẹ́yìn, omi ń kún ẹ̀dọ̀fóró àti ẹsẹ̀. Ṣúgà yẹn kan náà ló ti pa àwọn okùn ìmọ̀lára tí ì bá jẹ́ kí àyà dùn ún. Ọkàn ń bàjẹ́, kò sì sí ìrora tí yóò ké gbàjarè.

"Gbogbo àgbà ló ń sọ ọ́," ni Ìyá Àyìnkẹ́ wí. "Bí ilé ẹni ń jó, a dúpẹ́ náà ni. Ta ló jí láàárọ̀ tó ń dáhùn pé ara òun ò le?"

"Bàbá kò kọ́ ọ ní ìyẹn," ni Dókítà wí.

"Kò mọ̀ pé ó yẹ kí òun kọ́ ọ," ni Ṣubúọlá wí. "Àwa náà kò mọ̀."

Wọ́n ti pa òfin má-já-àgbà-nírọ́ yẹn rẹ́ ní Òkè-Òṣùpá. Olóyè Bámigbóyè ló kọ́kọ́ na ọwọ́ sókè. Nígbà tí Dókítà fi ojú ara rẹ̀ yẹ ọkàn àwọn àgbà wò, ó bá àwọn mìíràn tí tiwọn ti ń le, ó sì tètè bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú wọn. Olóyè wà lára wọn.

Aṣọ́ra ti wà lápá Ṣubúọlá náà báyìí. Láàárọ̀, ó máa ń dúró kí ó jí tán.

"Ẹ káàárọ̀ o, Ìyá. Ṣé ara le?"

"A dúpẹ́."

"Ẹ ṣeun. Níbo ló ń dùn yín?"

Ṣubúọlá á sọ fún un. Lẹ́yìn náà á tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìrọ̀rí mẹ́ta ló wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ kejì.